Níbi Tí Màmá Ti Ń Gbé Abẹ́rẹ́ Kúrò

Ọjọ́ tí a sin Màmá, mo fa wáyà yọ lára ẹ̀rọ DJ tí Bọ̀ọ̀dá Délé háyà wá láti Ìbàdàn. Kì í ṣe àṣìṣe. Ọmọ náà ń yí orin kan tí Màmá kórìíra láti ìgbà tó ti jáde, ó sì tún ń pariwo lé e lórí pé, "Ìyá rere, ó dàárọ̀ o!" Mo rìn lọ bá a níbi tó jókòó sí, mo fa wáyà, mo ká a, mo gbé e wọ yàrá. Bọ̀ọ̀dá Délé, tí wọ́n jẹ́ àkọ́bí Màmá àti ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tẹ̀ lé mi wọlé.

"Bọ́lá, kí ló ń ṣe ẹ́ gan-an? Òkú là ń sin, ìwọ ń bá wáyà jà."

"Ẹ̀yin lẹ gbé orin yẹn wá síwájú òkú wọn. Ẹ dúpẹ́ pé wọn ò lè dìde mọ́."

Bọ̀ọ̀dá ní kí n jẹ́ kó lọ. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo èèyàn ti ń sọ fún mi pé kí n jẹ́ kó lọ, àwọn ará ìjọ, àwọn oníbàárà, ìyá tèmi pàápàá. Mi ò ní jẹ́ kó lọ. Ọwọ́ Màmá ni mo dàgbà sí, nínú ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ wọn ní Pàkó, níhìn-ín ní Igbó-Ọrà, níbi tí giramafóònù ti ń dún láti ìgbà tí a bá ti ṣílẹ̀kùn títí a ó fi tì í. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé bùbá níbẹ̀. Mo tún kọ́ bí wọ́n ṣe ń di èèyàn sínú, ìyẹn ni mo sì mọ̀ ọ́n ṣe jù. Ẹni tó bá ń wá ìtàn ìyá àgbà onínúure tó dárí ji gbogbo ayé kó tó kú, kó lọ ka ti ẹlòmíràn.

Àwọn àwo orin Màmá wà nínú àpótí onígi lẹ́yìn máṣíìnì wọn. Wọn kì í fi orúkọ tí wọ́n tẹ̀ sára àwo pè é. Àwòrán tó bá wà lójú páálí rẹ̀ ni wọ́n fi ń sọ ọ́ lórúkọ, bí ìgbà tí èèyàn bá ń sọ ajá rẹ̀ lórúkọ. Tí wọ́n bá ní, "Bọ́lá, gbé Aláwọ̀-Ewé wá," àwo àpàlà kan ni, tí ọkùnrin ojú páálí rẹ̀ wọ agbádá aláwọ̀ ewé tó gbòòrò ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Àwo yẹn ni wọ́n fi ń gé aṣọ tó bá ṣòro. Wọ́n ní àwọn àwo mìíràn máa ń mú kí sísọ́ọ̀sì sáré, Aláwọ̀-Ewé máa ń jẹ́ kó rò ó wò.

Ohun tí wọ́n fẹ́ràn jù nípa akọrin náà ni ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, á wá dúró, àwọn onílù á máa lọ, ẹni tó ń gbọ́ á ti máa nàgà. "Gbọ́ ọ," Màmá á gbé sísọ́ọ̀sì sókè, "ó fẹ́ sọ ọ́. Ó tún gbé e mì." Ìgbà tó bá wá sọ ọ́ tán, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á mi orí, wọ́n á padà sídìí aṣọ wọn. Nígbà kan mo bi wọ́n léèrè ohun tó dùn tó bẹ́ẹ̀ nínú ẹni tí kò sọ̀rọ̀. Wọ́n wò mí bí ẹni tó bi wọ́n ìdí tí omi fi tutù, wọ́n ní, "Ẹni tó lè gbé ọ̀rọ̀ mì bẹ́ẹ̀, kí ìwọ Bọ́lá máa ṣọ́ra fún un."

Wọn kò gbàgbé ẹ̀ṣẹ̀. Àwo kọ̀ọ̀kan ní ẹni tí wọ́n fi ń bá wí. Ti bàbá àgbà mi ni Elẹ́ṣin, àwo òyìnbó Amẹ́ríkà kan tó gbé gìtá dání, tí ẹṣin sì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá ní oko iṣu ní Igangan, nígbà tó sì yá, Bàbá ní ìyàwó lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko náà. Ìgbàkígbà tí Bàbá bá ti gun ọ̀kadà dé láti Igangan, kí Bàbá tó bọ́ bàtà, Elẹ́ṣin á ti máa dún. Màmá kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹni tó ń sunkún kò nílò ògbufọ̀. Wọ́n tún fẹ́ràn gìtá tó máa ń fà bí ẹni tí ọ̀nà ilé jìn sí. Lọ́jọ́ kan, Bàbá kò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Ìyá Délé, kí ni òyìnbó yìí ń sunkún lé lórí gan-an?"

"Ìyàwó rẹ̀ ló já a sílẹ̀," Màmá dá a lóhùn láìgbójú sókè. "Ó ti sunkún tán lójú kìíní àwo, ó tún mú un lójú kejì. Kò sì lọ sí Igangan."

Bàbá dé fìlà padà, ó ní òun ń lọ kí ọ̀rẹ́ òun kan.

Ti Pásítọ̀ le ju ìyẹn lọ. Ọkùnrin kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá sí ìjọ wa dúró lórí àga ìwàásù, ó ní àwọn kan wà láàárín wa tó jẹ́ pé orin ayé ni wọ́n fi ń rán aṣọ Ọlọ́run. Gbogbo ìjọ yíjú sí Màmá, nítorí ọ̀dọ̀ wọn ni aṣọ ìkórè ẹgbẹ́ akọrin wà. Màmá rán aṣọ náà, ọrùn rẹ̀ gún, bọ́tìnnì rẹ̀ bára mu, gbogbo ènìyàn yìn ín. Ọjọ́ ìkórè ni Pásítọ̀ ké pé kí ẹgbẹ́ akọrin gbọ́wọ́ sókè kí wọ́n yin Olúwa. Kò sẹ́ni tó lè gbé e kọjá àyà. Màmá ti mú abíyá rẹ̀ há débi pé ńṣe ni wọ́n ń lu apá mọ́ ìhà bí adìyẹ tí wọ́n so. Ọkùnrin kan nínú àwọn báàsì fipá gbé tirẹ̀, aṣọ náà ya dé ìbàdí.

Nígbà tí Pásítọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù, Màmá fi Aláṣọ-Funfun sórí ẹ̀rọ fún un, àwo orin ìyìn tí wọ́n kà sí èyí tó dára jù nínú irú rẹ̀. Wọ́n yin dùùrù rẹ̀, wọ́n yin àwọn báàsì rẹ̀, wọ́n ní àwọn sòpránò rẹ̀ nìkan ló ń kọrin bí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun wọ bàtà tuntun. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá dá a lóhùn ohun tó bá wá. "Pásítọ̀, orin ayé ni mo fi ń wọn apá. Ẹ ní ẹ ò fẹ́ ẹ, mo bá yọ ọ́ kúrò."

Kì í ṣe gbogbo orin ni wọ́n tètè gbà. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ ra àwo fújì wálé, wọ́n fetí sí i díẹ̀, wọ́n ní, "Ó ń sáré. Ta ló ń lé e?" Wọ́n ní Onídàda, tó jẹ́ àwo régè kan ṣoṣo tí wọ́n ní, mọ bí èèyàn ṣe ń bínú láìyára. Nígbà tó sì kù díẹ̀ kí wọ́n kú, ọmọ kan tó ń kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ wa fi orin àwọn ọmọ ìsinsìnyí dún lórí fóònù, Màmá ní ohùn ọmọ náà dára o, kí ló dé tí wọ́n fi í sínú agolo? Ṣùgbọ́n nínú àwo fújì mi yẹn, èyí tí a ń pè ní Oníjígí nítorí jígí dúdú tí akọrin náà fi bojú, orin kan wà tó fi ń bá ẹnì kan tó dà á wí. Kò dárúkọ onítọ̀hún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Màmá gbé àyọ́ọ̀nù sílẹ̀. Wọ́n ní kí n tún un fi sí i, kí n sì tún un fi sí i. Ojú wọn ń dán.

"Ọmọ yìí dáa," ni wọ́n sọ. "Kò dárúkọ ọ̀tá ẹ̀, ọ̀tá náà á wá máa tẹ́tí títí, bóyá òun á gbọ́ ọ."

Ẹni tí wọ́n ń rò nígbà tí wọ́n sọ ìyẹn jókòó sí òdìkejì títì lọ́jọ́ náà, níwájú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ọkọ rẹ̀. Ìyá Rúkà ni. Ó dàgbà ju ìyá tó bí mi lọ dáadáa, ó sì yẹ kí n máa fi ọ̀wọ̀ dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n inú ìrántí tèmi la wà yìí, mi ò ní ṣe é.

Ọ̀rẹ́ Màmá tímọ́tímọ́ ni tẹ́lẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ máa ń wọkọ̀ lọ wo sinimá Íńdíà ní Èrúwà, wọ́n á jọ sunkún, wọ́n á jọ jẹ ẹ̀pà bọ̀. Wọ́n tiẹ̀ jọ ra àwo orin sinimá kan, tí a ń pè ní Ọmọge Íńdíà. Nígbà tí ìjà dé, àwo wà lọ́dọ̀ Màmá, páálí rẹ̀ wà lọ́dọ̀ Ìyá Rúkà, kò sì sẹ́ni tó dá ti ọwọ́ rẹ̀ padà. Inú ìwé ìròyìn ni Màmá ń di àwo náà sí. Ìyá Rúkà kan páálí tirẹ̀ mọ́ ògiri pálọ̀, ọmọge náà sì ń rẹ́rìn-ín sí títì láti ojú fèrèsé.

Ohun tó fa ìjà náà ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìyá mi ṣì wà níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ ẹgbẹ́ olórin jùjú kan bàjẹ́ síwájú ṣọ́ọ̀bù Màmá nígbà tí wọ́n ń lọ ṣeré ní Igangan. Mi ò ní dárúkọ ọ̀gá wọn, àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì wà láyé, wọn ò sì ṣẹ̀ mí. Wọ́n ní láti ránṣẹ́ sí Ìbàdàn fún ohun tí wọ́n máa fi tún ọkọ̀ ṣe, wọ́n bá dúró sọ́dọ̀ wa fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Ilé Ìyá Rúkà ni wọ́n sùn, nítorí yàrá pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìkòkò Màmá ni wọ́n ń jẹ nínú ẹ̀, Màmá náà ló sì tún gbogbo aṣọ eré wọn tó ti ya rán, láìgba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹgbẹ́ náà. Ta ló tún fẹ́ràn orin ju Màmá lọ ní gbogbo Ìbàràpá? Ńṣe ló dà bí ẹni pé ọlá wá bá wọn nílé.

Nígbà tí ọkọ̀ dáa tán, ọ̀gá wọn ní àwọn máa fi ẹni tó tọ́jú àwọn sínú àwo àwọn tó ń bọ̀. Ìyá Ìbejì ni wọ́n mọ Màmá sí, nítorí ìyá mi àti èkejì rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá kọrin ki Ìyá Ìbejì ní Igbó-Ọrà, ìlú ìbejì, àwọn obìnrin tó máa sọ pé àwọn ni á kún ojú títì. Orúkọ ọmọ tí Màmá kọ́kọ́ bí àti oríkì wọn gan-an ni olórin náà nílò. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá fẹnu ara rẹ̀ ki ara rẹ̀, wọ́n á fi ṣẹ̀fẹ̀ títí. Ẹlòmíràn ló ń báni ṣe é. Ojú ń ti Màmá, wọ́n bá sọ fún Ìyá Rúkà pé, "Bá mi sọ ọ́ fún wọn," wọ́n sì dìídì gba Èrúwà lọ láti ra bọ́tìnnì, kí wọ́n má bàa wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n dé, ọkọ̀ olórin ti lọ.

Àwo náà jáde. Lójú páálí rẹ̀, ẹgbẹ́ olórin náà tò yí ọkọ̀ wọn ká, ọkọ̀ yẹn gan-an, Onímọ́tò ni Màmá sì sọ ọ́. Wọ́n pe gbogbo àdúgbò wá sí ṣọ́ọ̀bù láti wá gbọ́ ọ. Ojú kìíní ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kí olórin náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ki àwọn ará Igbó-Ọrà. Gbogbo ènìyàn tẹ́tí. Màmá gbá ọwọ́ mọ́ra. Olórin náà ní, "Àbẹ̀ní, ìyá Rúkáyà…"

Màmá gbé abẹ́rẹ́ kúrò.

Ìyá Rúkà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Jẹ́ kó parí, Ìyá Délé."

Màmá dá a lóhùn lójú gbogbo wọn pé, "Ó ti parí. Olè ti mú un lọ."

Láti ọjọ́ yẹn, Màmá ra Onímọ́tò tán nílẹ̀ Ìbàràpá. Wọ́n ra gbogbo èyí tó wà ní ọjà Tòwóbò, wọ́n wọkọ̀ lọ sí Èrúwà, Lánlátẹ̀ àti Igangan, wọ́n ń kó o bọ̀ nínú àpò. Kí Ìyá Rúkà má rí ẹyọ kan rà. Ọkùnrin tó ń ta àwo ní Èrúwà bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ tó báyìí ni. Wọ́n ní, "Mo fẹ́ràn ojú kejì ẹ̀." Òótọ́ sì ni. Títí wọ́n fi kú, wọ́n ń sọ pé kò sí jùjú tó tó ojú kejì Onímọ́tò, pé gìtá ibẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀.

Ìgbà náà ni ọjọ́ Jímọ̀ bẹ̀rẹ̀. Tí wọ́n bá ti kírun tán, tí Ìyá Rúkà dé, tó gbé àpótí jókòó síwájú ilé, Màmá á yí sípíkà sí títì, wọ́n á fi ojú kìíní Onímọ́tò sí i, wọ́n á yí ohùn rẹ̀ sókè débi tí abẹ́rẹ́ tí mo fi ń rán etí aṣọ fi ń gbọ̀n. Wọ́n á jẹ́ kó lọ, kó lọ, kó dé ibi àwọn ará Igbó-Ọrà. Wọ́n á dìde. Wọ́n á wo òdìkejì títì. Bí olórin bá ti ń mí sínú láti pe orúkọ náà, wọ́n á gbé abẹ́rẹ́ kúrò, wọ́n á yí i sí ojú kejì. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi gbé lọ́dọ̀ wọn, n kò rí i kí ọwọ́ wọn ṣì í. Àwo kan á gbó, wọ́n á fa òmíràn yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ìyá Rúkà á ké láti òdìkejì pé, "Jẹ́ kó parí, Ìyá Délé!"

Màmá á ké padà pé, "Ó ti parí!"

Òun nìkan ni ìkíni tó kù láàárín wọn. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dárúkọ àwo yẹn fún Màmá. Ẹni tó bá dán an wò, aṣọ rẹ̀ á padà sí i lọ́wọ́ láìrán. Tí wọ́n bá sì fi orin náà sí i lórí rédíò, Màmá á ti pa á kó tó débẹ̀.

Nǹkan kan ṣoṣo ló máa ń dà wọ́n láàmú. Ìyá Rúkà máa ń rẹ́rìn-ín. Tí abẹ́rẹ́ bá ti kúrò, dípò kó bojú jẹ́, á máa rẹ́rìn-ín músẹ́. "Kí ló ń rẹ́rìn-ín sí?" ni Màmá máa ń bi mí. Mo ní bóyá ojú ló ń tì í. Wọ́n ní, "Ojú? Èwo nínú ojú ẹ̀?"

Ìgbà ọyẹ́ ni Màmá ṣe àìsàn tó gbé wọn lọ. Wọ́n pè mí jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Wọn ò sọ̀rọ̀ ilé, wọn ò sọ̀rọ̀ ilẹ̀.

"Bọ́lá, ìwọ lo ni giramafóònù. Ìwọ lo ni àwọn àwo. Ìwọ lo ni ọjọ́ Jímọ̀."

"Mo gbọ́, Màmá."

"Abẹ́rẹ́ ò gbọdọ̀ kan orúkọ yẹn. Búra."

Mo búra. Ohun tí Màmá fi sílẹ̀ fún mi nìyẹn, mo sì fẹ́ ẹ ju ilé lọ.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé ìsìnkú, mi ò tíì fẹ́ ránṣọ kankan, síbẹ̀ mo ṣílẹ̀kùn. Nítorí Ìyá Rúkà ni mo ṣe ṣí i. Mo fa Onímọ́tò yọ, èyí tí Màmá ń lò kẹ́yìn, mo yí sípíkà sí títì. Mo gbójú sókè, mo rí i tó ń sọdá. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti pè é lólè, kò tíì sọdá títì yẹn rí. Ó ń fi ọ̀pá rìn, ó di nǹkan kan sínú ọ̀rá mọ́ abíyá.

"Ẹ káàsán, Ìyá Rúkà. Ṣọ́ọ̀bù ò tíì ṣí."

"Ó ti ṣí. Ojú mi ń ríran." Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà. Ó fa ohun tó wà nínú ọ̀rá yọ, ó gbé e sórí tábìlì ìgéṣọ: páálí Ọmọge Íńdíà, oòrùn ti jẹ pupa ara rẹ̀ tán. "Gbà. Fi orin sí i."

"Ẹ mọ ibi tó máa ń parí sí."

"Mo mọ̀ ọ́n ju ìwọ lọ. Fi sí i."

Inú mi dùn. Mo fẹ́ wo ojú rẹ̀ nítòsí nígbà tí mo bá gbé abẹ́rẹ́ kúrò. Mo fi sí i, orin náà ń lọ, ara rẹ̀ ń ta pààpà bí òróró gbígbóná nítorí gbogbo ọdún tí abẹ́rẹ́ ti ń gba ibẹ̀. Ó dé ibi àwọn ará Igbó-Ọrà. Mo nawọ́.

Ìyá Rúkà di ọrùn ọwọ́ mi mú. Ọwọ́ arúgbó yẹn le. Kí n tó já a gbà, olórin ti ń pe orúkọ náà, "Àbẹ̀ní, ìyá Rúkáyà, onílé tó ṣílẹ̀kùn fún àlejò."

Ìlà kan ṣoṣo ni. Láti orí rẹ̀ ni ariwo ara àwo náà ti dákẹ́ lójijì, ohùn mọ́ kedere bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á, nítorí abẹ́rẹ́ kankan kò tíì débẹ̀ rí. Nínú ohùn tó mọ́ yẹn ni olórin náà ti wí pé:

"Àníkẹ́, ìyá Délé,
ìyá ìbejì tó fi òwú bò wá láṣìírí,
a jẹ nínú ìkòkò rẹ̀ kí òun tó jẹ,
Àníkẹ́, a ò ní gbàgbé rẹ láé."

Kò dákẹ́. Ó ki Màmá lọ, ó ki ọwọ́ wọn, ó ki ẹsẹ̀ wọn lórí máṣíìnì, ó ki ẹ̀rín wọn, àwọn elégbè ń gbà á lẹ́nu rẹ̀ títí ojú kìíní fi tán. Mo dúró síbẹ̀ tí omi ń bọ́ lójú mi sórí aṣọ aláṣọ. Inú bí mi sí Màmá. Ó bí mi débi pé, ká ní wọ́n wà níbẹ̀, ǹ bá pariwo mọ́ wọn.

"Ẹ̀yin mọ̀," ni mo sọ.

"Èmi ni mo sọ ọ́ fún olórin. Gbogbo ẹ̀ pátá. Àníkẹ́ ní kí n bá òun sọ ọ́, mo sọ ọ́. Mo ti orúkọ tèmi síwájú torí ilé mi ni wọ́n sùn. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn?"

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò wí fún wọn?"

"Mo wí! Mo ní kó jẹ́ kó parí. Ó pè mí lólè lójú gbogbo àdúgbò." Ó fi ọ̀pá gún ilẹ̀. "Ìgbà tí mo gbọ́ ọ tán lórí rédíò ọkọ mi, mo ní ó dáa. Má jẹ̀ẹ́ kó parí o, Àníkẹ́. Gbogbo Jímọ̀ tó ń gbé abẹ́rẹ́ kúrò lórí tèmi, wàláhì, tiẹ̀ ló ń gbé kúrò. Mo jókòó síbẹ̀ yẹn, mò ń wò ó."

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Kí ló wá gbé yín wá síbí?"

"Ó lọ láìmọ̀," ó wí, ohùn rẹ̀ sì ti kéré. "Àníkẹ́ lọ láìmọ̀ pé mo borí. Ta ni mo wá fẹ́ fi han? Ó yẹ kẹ́nì kan mọ̀." Ó nu ojú pẹ̀lú etí gèlè. "Tún un fi sí i, Bọ́lá. Mi ò gbọ́ orúkọ tèmi dáadáa, ọwọ́ ẹ ni mò ń bá jà. Jẹ́ n gbọ́ ọ kí èmi náà tó lọ."

Àánú rẹ̀ ṣe mí, mi ò ní parọ́. Kò pẹ́ lọ́kàn mi.

Mo gbé àwo náà sókè síbi ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà. Ibi tí Màmá ń dé hàn lára rẹ̀. Gbogbo ibi tí abẹ́rẹ́ ti gbà ti pa àwọ̀ dà, ó rí bí eérú. Ibi tí kò tíì gbà ń dán dúdú. Mo dá a padà, mo tẹjú mọ́ ọn, mo rọra gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ibi tí dídán ti bẹ̀rẹ̀.

"Àníkẹ́, ìyá Délé…"

Ìyá Rúkà tẹ́tí títí orin fi tán. Ó ń retí. Nígbà tó yé e, ó yíjú sí mi.

"Bọ́lá, ti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo ní kí o fi sí i."

"Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, Ìyá Rúkà."

Mo gba páálí Ọmọge Íńdíà, mo fi àwo rẹ̀ sínú ẹ̀, mi ò dúpẹ́. Gbogbo Jímọ̀ láti ìgbà náà, tí wọ́n bá ti kírun tán, mo máa ń yí sípíkà sí òdìkejì títì, mo máa ń wá ibi tó ń dán yẹn, mo sì máa ń jẹ́ kó parí. Ìyá Rúkà ṣì ń jókòó síwájú ilé rẹ̀. Kì í rẹ́rìn-ín mọ́.